Má jẹ́ kí ọwọ́ rẹ gbàgbé

Ẹ̀fọ̀n-Alààyè, Èkìtì.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Èlùbọ́ tó o béèrè ti wà nílẹ̀, ìyá rẹ á fi rán ẹni tó ń bọ̀ l'Ékòó lọ́jọ́ Sátidé.

Ọ̀rọ̀ tó o sọ nígbà ọdún Àjíǹde ò kúrò lọ́kàn mi. O ní láti Èkó dé Àbújá, ìṣẹ́jú péréte lẹ fi ń fọwọ́ yín wa bàálù, autopilot, ẹ̀rọ tó ń wa bàálù fúnra rẹ̀, ló ń ṣe ìyókù. O rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín.

O ò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà tí bíréèkì já mọ́ mi lẹ́sẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹ̀fọ̀n, iṣu kún ọkọ̀ dẹ́nu. Mo tẹ̀ ẹ́, ó wọlẹ̀ bí ìgbà téèyàn tẹ tìmùtìmù. Kí n tó ráyè bẹ̀rù, ọwọ́ mi ti já jíà wálẹ̀ sí mẹ́ta, ó já a sí méjì, ẹ́ńjìnì ń ké, mo ń fi táyà ha ẹ̀gbẹ́ òkè títí ó fi dúró. N ò ronú kankan. Ọwọ́ tí mo fi ń já jíà lójoojúmọ́ ló yọ mí.

Ìwọ náà lo sọ fún mi nípa bàálù Air France tó gbéra ní Rio lọ sí Paris lọ́dún 2009. Yìnyín dí ọ̀pá tó ń wọn eré rẹ̀, autopilot já ọkọ̀ lé àwọn awakọ̀ lọ́wọ́ lójijì, lóru, lórí òkun. Ọ̀kan nínú wọn fa ọ̀pá ìdarí sẹ́yìn, imú bàálù gbé sókè, afẹ́fẹ́ ò sì gbé ìyẹ́ rẹ̀ ró mọ́. Ọkọ̀ ń pariwo ìkìlọ̀, ọwọ́ yẹn ṣì ń fà á sẹ́yìn, bẹ́ẹ̀ títẹ imú rẹ̀ wálẹ̀ ni ì bá gbà wọ́n. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́rin ó lé díẹ̀, ó já sókun. Ènìyàn 228 kú. N ò bú wọn. Àwọn tó wádìí rẹ̀ ní wọn ò kọ́ àwọn ọmọ náà ní fífọwọ́ wa bàálù lókè réré bẹ́ẹ̀.

N ò ní kó o kọ autopilot sílẹ̀, ó ń gba àárẹ̀ lára yín. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ojú ọ̀run bá mọ́, tí òfin ilé-iṣẹ́ yín sì gbà á, bẹ ọ̀gá rẹ pé kó jẹ́ kó o fọwọ́ wà á dé 10,000 ẹsẹ̀ bàtà lókè kó o tó tan autopilot. Tó o bá wọ simulator, ẹ̀rọ tẹ́ ẹ fi ń kọ́ wíwa bàálù lórí ilẹ̀, ní kí wọ́n pa ohun tó ń fi eré hàn fún ọ. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ọmọdé ń ṣe ọ́, sọ fún un pé àjọ tó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú l'Amẹ́ríkà kọ̀wé sáwọn ilé-iṣẹ́ bàálù ní January 2013 pé kí wọ́n jẹ́ káwọn awakọ̀ máa fọwọ́ wà á.

Lọ́jọ́ tó o bá kọ́kọ́ ṣe é, pè mí, kó o sọ bó ṣe rí lọ́wọ́ rẹ.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.