Ẹ̀sùn: Sọ́fítíwíà yín ń gbé ilé kúrò nípò láìsọ fún ẹnikẹ́ni

Sí olórí ẹ̀ka tó ń gbọ́ ti oníbàárà,

Ẹ̀yin ọ̀gá wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ mi ni láti kó mọ́dẹ́ẹ̀lì, ìyẹn àwòrán ilé orí kọ̀ǹpútà, tí àwọn tó ń ya ilé ṣe jọ sójú kan nínú sọ́fítíwíà yín, kí n wo ibi tí páìpù ti gba inú bíìmù kọjá àti ibi tí òpó ti dínà ilẹ̀kùn, kó tó di pé wọ́n da kọnkéré. Ó ti lé lọ́dún mẹ́ta tí mo ti ń lò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kọ̀wé sí yín lórí ọ̀rọ̀ yìí láti ibi tẹ́ ẹ ní ká ti máa béèrè ìrànlọ́wọ́, ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì ni wọ́n ti ẹjọ́ mi pa láìdáhùn ohun tí mo béèrè. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Ẹ̀sùn mi ò ju ẹyọ kan lọ: sọ́fítíwíà yín ń gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì kúrò níbi tí ẹni tó yà á fi í sí, kì í sì í sọ pé òun gbé e.

Ilé alájà mẹ́rin ni iṣẹ́ tó ti ṣẹlẹ̀. Akítẹ́ẹ̀tì wà lọ́tọ̀, ẹnjiníà tó ń ṣírò kọnkéré wà lọ́tọ̀, ẹnjiníà omi àti afẹ́fẹ́ náà wà lọ́tọ̀. Ohun tí kálukú fi ń yàwòrán yàtọ̀ síra, fáìlì IFC (irú fáìlì tí onírúurú sọ́fítíwíà ìyàwòrán ilé lè kà) ni gbogbo wọn sì fi ń ránṣẹ́ sí mi ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó fa ìlà kan la ti fẹnu kò. Nọ́ńbà tí sọ́fíyọ̀ fún wa fún ibi tí ìlà A àti ìlà 1, àwọn ìlà tí wọ́n fi ń to òpó ilé, ti pàdé ni gbogbo wa máa lò, mìlímítà la ó máa fi wọn nǹkan, ilẹ̀ yàrá ìsàlẹ̀ la ó sì pè ní òdo. Wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀. Mo lè fọwọ́ sọ̀yà lórí ẹ̀, torí mo ṣí fáìlì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí èèyàn ṣe ń ṣí ìwé lásán (ọ̀rọ̀ téèyàn lè kà ló kúkú wà nínú IFC), mo wá ìlà tí wọ́n kọ IFCMAPCONVERSION sí (ìlà tó ń sọ ibi tí ilé wà lórí máàpù) nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ti ìlà-oòrùn bára mu, ti àríwá bára mu, ti gíga bára mu, iye tí ilé fi yí kúrò ní àríwá máàpù náà bára mu. Kò sí ẹyọ nọ́ńbà kan tó yàtọ̀.

Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ kó wọn wọlé, wọn ò dúró lórí ara wọn. Òpó wà láàrin ọ̀dẹ̀dẹ̀, páìpù wà níta ògiri. Mo lo irinṣẹ́ tẹ́ ẹ ṣe fún gbígbé nǹkan, mo gbé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan títí ìlà A àti ìlà 1 fi bọ́ sórí ara wọn nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo tọ́jú ẹ̀, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti bùṣe.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, ẹnjiníà omi fi fáìlì tuntun ránṣẹ́. Ohun tó yí padà níbẹ̀ ò tó nǹkan. Ó kàn fa páìpù omi ìdọ̀tí kan jáde sí i ní apá ìlà-oòrùn ilé, ní 300 mìlímítà, kó lè dé kòtò tó wà níta. Mo ní kí sọ́fítíwíà fi tuntun rọ́pò àtijọ́, ó sì fi rọ́pò. Kò kìlọ̀, kò béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ mi. Àṣé gbogbo páìpù inú ilé ti sún 150 mìlímítà sí ìwọ̀-oòrùn.

Ká ní mítà mẹ́wàá ló fi sún, ọmọdé á rí i, a ò sì ní jẹ́ kó kọjá ọjọ́ yẹn. Mọ́dẹ́ẹ̀lì tó ṣáko lọ sókèèrè kì í pa ẹnikẹ́ni lára. Èyí tó sún díẹ̀ ló ń ṣọṣẹ́. Páìpù ṣì wà nínú yàrá tó yẹ kó wà, ó ṣì fara ti ògiri tó yẹ kó fara tì. Ìwé ìforígbárí, èyí tó ń to ibi tí nǹkan ti kọlu ara wọn, tí sọ́fítíwíà gbé jáde lọ́sẹ̀ náà ka mẹ́rin péré tó jẹ́ tuntun, a sì rò pé ohun tí àtúnṣe máa ń fà náà ni. Inú àwòrán yẹn la ti mú ibi tí ihò máa wà lórí dẹ́kìn kejì, a fún ẹnjiníà kọnkéré, ó fọwọ́ sí i, wọ́n sì dà á.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí púlọ́ńbà dé. Ó so òjé mọ́ okùn, ó sọ ọ́ kalẹ̀ láti òkè gẹ́gẹ́ bí àwòrán tirẹ̀ ṣe wí, òjé náà ò bọ́ sínú ihò. Orí kọnkéré ló bà lé. Mo kúnlẹ̀, mo fa téèpù láti àárín ihò dé ibi tí ẹnu òjé wà: 150 géérégé. Páìpù náà fẹ̀ ní 110 mìlímítà, ihò fẹ̀ ní 160. Tẹ́ ẹ bá ṣírò ẹ̀, ẹ ó rí i pé páìpù ò tilẹ̀ lè fara kan etí ihò; 15 mìlímítà ló máa wà láàrin àwọn méjèèjì. Ihò méje ló wà lórí dẹ́kìn yẹn. Mo wọn méjèèje, iye kan náà ni, apá kan náà ni gbogbo wọn sì kọrí sí. Ọwọ́ káfíńtà kì í yẹ̀ lọ́nà tó dọ́gba tó bẹ́ẹ̀.

A ní láti wá àwọn tó ní ẹ̀rọ tó ń rí irin nínú kọnkéré. Ẹnjiníà tún ìṣírò dẹ́kìn ṣe látìbẹ̀rẹ̀ ká tó lè gbẹ́ ihò tuntun, ká sì dí ti àkọ́kọ́. Ọjọ́ 11 niṣẹ́ fi dúró.

Ṣùgbọ́n ọjọ́ 11 yẹn kọ́ ló ń dùn mí jù. Nípàdé ọjọ́ kejì, níwájú onílé àti kọngílá, èmi ni mo nàka sí ẹnjiníà omi. Àbúrò ni sí gbogbo àwa tó wà níbẹ̀. Mo ní òun ló yí nọ́ńbà ẹ̀ padà tí ò sọ fún wa. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mi ò fọwọ́ kàn án.” Mi ò gbà á gbọ́. Sọ́fítíwíà yín ni mo gbà gbọ́. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tó tún fáìlì ẹ̀ ṣí, tí mo rí i pé nọ́ńbà ẹ̀ ò yí rárá. Mo wá da fáìlì náà kọ, mo fa páìpù ìta yẹn gùn sí i ní 1,000 mìlímítà, mo kó o wọlé. Mọ́dẹ́ẹ̀lì sún 500. Mo sọ ọ́ di 2,000, ó sún 1,000. Ìdajì ni nígbà gbogbo.

Ohun tẹ́ ẹ ń ṣe wá hàn sí mi kedere. Tí nọ́ńbà inú fáìlì bá tóbi, sọ́fítíwíà yín á fi àpótí kan yí gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ ká, á wá àárín àpótí yẹn, á sì gbé àárín náà lọ sí òdo. Fáìlì kọ̀ọ̀kan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ́tọ̀, ó sì tún ń ṣe é ní gbogbo ìgbà tí fáìlì tuntun bá wọlé. Àpótí gùn sí i ní 300 lápá kan, àárín ẹ̀ sún 150, gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀ sì bá a lọ. Ibi tí mo fọwọ́ ara mi gbé e sí ò já mọ́ nǹkan mọ́.

Mo mọ ìdí tẹ́ ẹ fi ń gbé ilé sún mọ́ òdo, mi ò sì bá yín jà lórí ìyẹn. Bíìtì 32 ni ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán sójú kọ̀ǹpútà sábà máa ń fi ṣírò, ìyẹn ò sì lè di nọ́ńbà tí fígọ̀ inú ẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ ju méje lọ mú ṣinṣin. Nínú UTM, ìlànà tí wọ́n fi ń fi nọ́ńbà sọ ibi tí nǹkan wà lórí máàpù ayé, 500,000 mítà ni wọ́n ń fún ìlà àárín ìpín kọ̀ọ̀kan lápá ìlà-oòrùn. Ẹ sọ ọ́ di mìlímítà, ó di 500,000,000. Níbi tí nọ́ńbà bá sì ga débẹ̀, ìṣísẹ̀ tó kéré jù tí bíìtì 32 lè gbé jẹ́ 32 mìlímítà. Ògiri á máa gbọ̀n lójú ẹni tó ń wò ó. Nítorí náà ẹ gbé e, kò burú. Iye kan ṣoṣo ni kẹ́ ẹ fi gbé gbogbo fáìlì iṣẹ́ kan. Ẹ mú iye náà lára fáìlì àkọ́kọ́, tàbí kẹ́ ẹ jẹ́ kí ẹni tó ń ṣe kòkárí iṣẹ́ kọ ọ́ fúnra ẹ̀, ẹ tọ́jú ẹ̀ mọ́ iṣẹ́ náà, ẹ má sì yí i padà láìjẹ́ pé a ní kẹ́ ẹ yí i. Àyè fún nọ́ńbà ibi tí ilé wà lórí máàpù ti wà nínú fáìlì láti ìgbà tí ẹ̀dà IFC tí wọ́n ń pè ní IFC4 ti jáde lọ́dún 2013. Àwọn ayàwòrán kọ ọ́ síbẹ̀. Ẹ kà á, ẹ sì tẹ̀ lé e.

Nígbà àkọ́kọ́ tí mo kọ̀wé, wọ́n ní kí n yọ gbogbo fáìlì kúrò kí n tún kó wọn wọlé. Mo ṣe é, kò yí padà. Nígbà kejì, wọ́n ní àwọn ayàwòrán ni ò lo ibùdó kan náà. Mo fi ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ránṣẹ́, kò sẹ́ni tó sọ nǹkan kan lórí ẹ̀, wọ́n kàn ti ẹjọ́ náà pa. Nígbà kẹta, wọ́n ní bó ṣe yẹ kó máa ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kẹta yìí ló bí mi nínú jù, torí pé tó bá jẹ́ pé ẹ mọ̀, kí ló dé tí ò fi sí gbólóhùn kan lójú ibi tí a ti ń kó fáìlì wọlé tó máa sọ fún wa pé, a ti gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì yìí, iye tí a fi gbé e rèé, iye tọ̀sẹ̀ tó kọjá rèé, àwọn méjèèjì ò bára mu?

Gbólóhùn yẹn ni mo kọ́kọ́ ń béèrè, kẹ́ ẹ sì fi í sínú ẹ̀dà tó ń bọ̀, kó tó di pé ẹ tún ìṣírò náà ṣe, torí èyí lè pẹ́. Títí di ìgbà yẹn, ẹ fi ìkìlọ̀ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó ń lò ó. Èmi nìkan kọ́ ló ń fi sọ́fítíwíà yín mú ibi tí ihò máa wà.

Ohun kejì jẹ́ ti èmi gan-an. Mo ń fẹ́ lẹ́tà tẹ́ ẹ fọwọ́ sí, tó sọ pé sọ́fítíwíà yín ló sún fáìlì ẹnjiníà náà, pé kò sí àṣìṣe kankan nínú ohun tó fi ránṣẹ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn tí mo ti bá a wí, ó sì ti gbà. Ṣùgbọ́n ìwé ìpàdé ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ onílé, ohun tó sì wà níbẹ̀ ni pé òun ló ba iṣẹ́ jẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ò tó láti pa á rẹ́.

Mo fi fáìlì ọ̀sẹ̀ karùn-ún àti ti ọ̀sẹ̀ kẹfà sínú lẹ́tà yìí, pẹ̀lú ẹ̀dà méjèèjì tí mo fi dánra wò àti fọ́tò téèpù lórí dẹ́kìn. Ọjọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni ìpàdé wa tó kàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí lẹ́tà náà tẹ̀ mí lọ́wọ́ kó tó dìgbà yẹn.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,

Alákòóso mọ́dẹ́ẹ̀lì