Lẹ́tà Ìparí Sáà Kejì sí Àwọn Òbí àti Alágbàtọ́: Ọ̀rọ̀ Ọtí Ọlọ́rá

Ẹ̀yin òbí àti alágbàtọ́ wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú ìnáwó. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ jèrè wọn.

Sáà kejì ti parí, èsì ìdánwò ọmọ yín sì wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìsinmi, àmọ́ àwọn SS 3 yóò máa wá fún ẹ̀kọ́ àfikún nítorí WAEC. Owó ilé-ìwé kò yí padà. Ohun tó mú kí lẹ́tà yìí gùn ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ni ọ̀rọ̀ ọtí.

Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún sáà yìí, olùkọ́ kan rí ọmọ SS 1 tó ń sùn lórí tábìlì ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ó rò pé ibà ni. Nígbà tí wọ́n mú un dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, òórùn ẹnu rẹ̀ ló tú àṣírí. A bá ọ̀rá ọtí méjì tó ti tán nínú àpò tó ń kó bírò sí. Ọmọ ọdún 14 ni.

Èmi fúnra mi ni mo lọ bá ìyá tó tà á fún un. Kò bá mi jà. Ó ní, “Ọ̀gá, bàbá rẹ̀ ló máa ń rán an. Báwo ni n ó ṣe mọ ọjọ́ tí bàbá rán an àti ọjọ́ tí kò rán an?” Mo pe bàbá náà, ó ní òótọ́ ni. Ó dùn mí wọra, nítorí n kò rí èsì kankan fọ̀ fún ìyá yẹn.

Ọ̀rá náà kéré lójú, 30ml péré, ṣùgbọ́n ọtí líle inú rẹ̀ sábà máa ń tó 40 sí 43 nínú 100. Ọtí tó wà nínú ọ̀rá mẹ́ta ju ti inú ìgò bíà ńlá kan lọ, ó sì wọ àpò ṣẹ́ẹ̀tì láìsí ẹni tó máa fura. Nínú ìwádìí tí àjọ NAFDAC gbé jáde, 54.3 nínú 100 àwọn ọmọ tó ń mutí ló ń fọwọ́ ara wọn rà á. Láti oṣù Kejìlá ọdún 2018 ni NAFDAC àti àwọn apọntí ti fọwọ́ sí ìwé pé, tó bá di ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2024, kò ní sí ọtí ọlọ́rá mọ́. Ọjọ́ pé, NAFDAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ọtí fẹ̀hónú hàn, Ilé Aṣojú-ṣòfin dá sí i, wọ́n sì sún un síwájú. Àwa kò lè máa retí Àbùjá nígbà tí ọmọ ń sùn ní kíláàsì.

Kò sì yẹ ká retí wọn. Àfikún Kẹrin ìwé òfin orílẹ̀-èdè wa ti 1999 fi ìwé àṣẹ àti àmójútó ọtí títà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ìdí nìyẹn tí èmi àti àwọn aṣojú Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́ fi kọ̀wé sí káńsù. Ẹ̀ẹ̀mejì la lọ kí wọ́n tó dá wa lóhùn. Nígbà tí àwọn wọléwọlé dé, ìsọ̀ mẹ́rin ni wọ́n bá tó ń ta ọtí láàárín gééètì wa àti ibùdó ọlọ́kadà. Ẹyọ kan ló níwèé àṣẹ. Wọ́n kìlọ̀ fún gbogbo wọn, wọ́n sì kó ọjà àwọn méjì. Ara tù wá fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú wọn tún gbé ìsọ̀ párága rẹ̀ sí ẹ̀yìn ọgbà. Mo ti kọ ìwé kẹta.

N kò bínú sí àwọn tó ń tà á. Owó oúnjẹ ni wọ́n ń wá, àwọn kan nínú wọn sì ní ọmọ lọ́dọ̀ wa. Ìyá tí mo lọ bá yẹn ti pa ọtí tì, ẹ̀wà àti búrẹ́dì ló ń tà báyìí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa rà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má ṣe rán ọmọ kankan lọ ra ọtí mọ́, ìbáà ṣe bíà àlejò, ìbáà ṣe párága fún ẹ̀yìn ríro. Mo mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọmọdé ló ń jíṣẹ́ fún àgbà. Ẹ rán wọn ní iyọ̀, ẹ rán wọn ní epo. Bí kò bá sí òbí tó ń rán ọmọ ra ọtí ní àdúgbò yìí mọ́, ẹni tó bá tà á fún ọmọ kò ní rí àwáwí kankan ṣe níwájú wọléwọlé.

Bí ẹ bá sì rí ọ̀rá lápò ọmọ yín, ẹ má fi ẹgba ṣáájú. Ẹ bi í pé ọwọ́ ta ló ti rà á, kí ẹ pè mí. Orúkọ ọmọ náà kò ní jáde lẹ́nu mi. A kò lé ọmọ SS 1 yẹn. Olùkọ́ agbaninímọ̀ràn ń rí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bàbá rẹ̀ sì máa ń bá a wá.

Sátidé àkọ́kọ́ tí a bá wọlé ni ìpàdé òbí, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ọ̀kan nínú àwọn wọléwọlé ti ṣèlérí láti wá. Ẹ wá bá a sọ̀rọ̀ fúnra yín, kí ẹ sì sọ fún un àwọn ibi tí ẹ mọ̀ pé wọ́n ti ń tà á fún ọmọ.

Tiyín nítòótọ́,
Ọ̀gá Ilé-Ìwé