Maria Höfl-Riesch Kò Gba Ife Ọ̀fẹ́ Lọ́wọ́ Ẹnikẹ́ni

Sí Olóòtú,

Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ni mo fi ń kọ lẹ́tà yìí, ṣùgbọ́n inú mi kò dùn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni mo gbọ́ ọ lórí ètò eré ìdárayá kan, lẹ́nu ẹni tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, pé ọ̀fẹ́ ni Maria Höfl-Riesch, ọmọ Jámánì tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tó mọ síkì, eré yíyọ̀ lórí yìnyín, í sá jù lọ, gba Ife Àgbáyé, ìyẹn ife ńlá tí ẹni tó bá ní àmì jù nínú gbogbo eré ọdún ń gbà, lọ́dún 2011, àti pé ojú ọjọ́ ló bá a gba ife náà lọ́wọ́ Lindsey Vonn ará Amẹ́ríkà. Láti ìgbà tí Vonn ti padà sórí yìnyín lọ́dún 2024 ni àwọn oníròyìn ti ń tún ọ̀rọ̀ yìí sọ, tí ẹnì kan kì í sì í dúró ṣe ìṣirò kó tó la ẹnu. N kò lè dákẹ́ mọ́.

Àwọn tó ń tẹ̀ lé eré yìí mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Lenzerheide, ní Switzerland, níbi tí wọ́n ti sá àwọn eré àṣekágbá ọdún náà ní oṣù Kẹta ọdún 2011. Àmì 23 ni Riesch, tí kò tíì fi orúkọ ọkọ kún tirẹ̀ nígbà náà, fi ṣíwájú Vonn nígbà tí wọ́n dé ibẹ̀. Nínú downhill, ìyẹn eré ìsọ̀kalẹ̀ tó yá jù lọ, ó ṣe ipò kẹtàdínlógún, kò sì rí àmì kankan mú, nítorí pé ẹni 15 àkọ́kọ́ nìkan ló ń gba àmì níbi àṣekágbá. Vonn ṣe ipò kẹrin, ó gba àmì 50, òun ló wá fi 27 ṣíwájú. Wọ́n wọ́gi lé super-G, eré eré-sísá kíákíá mìíràn tó fara jọ downhill, lọ́jọ́ kejì. Lọ́jọ́ kẹta, nínú slalom, níbi tí wọ́n ti ń lọ́ yí àwọn òpó ká, Riesch ṣe ipò kẹrin, Vonn ṣe ipò kẹtàlá. Àmì 50 bọ́ sọ́wọ́ ọ̀kan, 20 bọ́ sọ́wọ́ èkejì, Riesch sì fi àmì mẹ́ta péré gba iwájú padà, 1,728 sí 1,725. Nígbà tí ojú ọjọ́ kò jẹ́ kí wọ́n sá giant slalom tó kẹ́yìn, ìyẹn slalom tí òpó rẹ̀ jìnnà síra jù, ife di tirẹ̀.

Níbo ni ọ̀fẹ́ wà nínú èyí? Obìnrin tó pàdánù gbogbo ohun tó fi ṣíwájú lọ́jọ́ kan, tó jí lọ́jọ́ kẹta, tó sì sá slalom náà nígbà tó mọ̀ pé àṣìṣe kan lè gba gbogbo ọdún lọ́wọ́ òun, ṣé òun la ó máa sọ pé ojú ọjọ́ ló fún ní ife? Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n fi du ife náà. Láti oṣù Kẹwàá ọdún 2010 ni wọ́n ti ń sá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ní Lake Louise ní Kánádà, níbi tí Vonn ti borí títí tí àwọn ènìyàn fi ń pe ibẹ̀ ní Lake Lindsey, Riesch gba downhill lọ́jọ́ kan, ó tún gbà á lọ́jọ́ kejì, Vonn ló sì ṣe ipò kejì nígbà méjèèjì. Àmì 200 nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan Lenzerheide rárá. Àgbẹ̀ tó ti kó àgbàdo rẹ̀ sí àká kí òjò tó ba ti ẹlòmíràn jẹ́, ta ni yóò sọ pé òjò ló fún un ní àgbàdo?

Mo gbà pé ó dun Vonn, ó sì tọ́ kó dùn ún, nítorí pé super-G tí wọ́n wọ́gi lé jẹ́ eré tó mọwọ́ rẹ̀ gan-an. Ṣùgbọ́n giant slalom tí gbogbo wọn ń sunkún lé lórí ńkọ́? Títí di oṣù yẹn, kò sí èyí tó tíì borí rí nínú àwọn méjèèjì ní giant slalom Ife Àgbáyé. Kí ló wá mú un dá wọn lójú pé Vonn ni ì bá gba àmì jù níbẹ̀?

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni pé ọ̀rọ̀ ife ọ̀fẹ́ yìí ti bo iṣẹ́ ayé obìnrin náà mọ́lẹ̀. Ìlú Garmisch-Partenkirchen, lábẹ́ àwọn òkè Bavaria, ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1984. Ó ti ń borí nínú àwọn eré Ife Àgbáyé láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2004, nígbà tí kò tíì pé ọmọ ogún ọdún. Nígbà tó di ọdún 2005, iṣan orúnkún rẹ̀ kan já ní oṣù Kìn-ín-ní, ti orúnkún kejì sì já ní oṣù Kejìlá ọdún kan náà, bẹ́ẹ̀ ni Ìdíje Òlíńpíìkì Turin ti ọdún 2006 ṣe kọjá lójú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ni kò ní padà lẹ́yìn irú èyí. Òun padà. Ní Vancouver lọ́dún 2010, ó gba wúrà nínú eré àpapọ̀ tó da downhill àti slalom pọ̀, ó tún gba wúrà nínú slalom, nínú eré kan náà tí Susanne àbúrò rẹ̀ kò ti lè dé òpin. Ní Sochi lọ́dún 2014, òun ló gbé àsíá Jámánì, ó tún gba wúrà eré àpapọ̀ náà, ó sì fi fàdákà super-G kún un. Eré 27 ló borí nínú àwọn eré Ife Àgbáyé. Kí ló dé tí a kì í gbọ́ èyí?

Ẹ sì jẹ́ kí n sọ èyí tí n kò tíì gbọ́ lẹ́nu ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Lenzerheide yìí kan náà ni wọ́n tún ti ṣe àṣekágbá ọdún 2014, nígbà tí ife ńlá ṣì wà láàárín òun àti Anna Fenninger ará Austria. Riesch ṣubú nínú downhill, hẹlikọ́pítà ló gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kò lè sá eré kankan mọ́ lọ́sẹ̀ náà, Fenninger sì gba ife. Kí oṣù náà tó parí, ó kéde pé òun ti fi síkì sílẹ̀. Ṣé a wá gbọ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọ̀fẹ́ ni Fenninger gba tirẹ̀? A kò gbọ́, kò sì yẹ ká gbọ́.

Èkejì tó tún ń bí mi nínú ni bí wọ́n ṣe sọ gbogbo rẹ̀ di ìjà ọ̀rẹ́ méjì. Òótọ́ ni pé ọ̀rẹ́ tímọ́tímọ́ ni wọ́n, tí Vonn sì ti bá ìdílé Riesch ṣe Kérésìmesì rí. Ṣé bí ọkùnrin méjì bá fi àmì mẹ́ta ju ara wọn lọ, ẹni tó bínú sí ẹnì kejì ni wọ́n ń kọ́kọ́ béèrè?

Olóòtú, ohun kan ni mo ń bẹ̀bẹ̀ fún. Nígbàkígbà tí ìwé ìròyìn yín bá fẹ́ kọ nípa ife tí wọ́n fi àmì díẹ̀ gbà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tẹ àtẹ àmì gbogbo ọdún sí ẹ̀gbẹ́ ìròyìn náà. Kò gba àyè púpọ̀: orúkọ ìlú, ọjọ́, irú eré, ipò tí kálukú ṣe, àmì tó gbà, àti àròpọ̀ rẹ̀ títí di ọjọ́ náà. Ẹ fi eré tí wọ́n wọ́gi lé náà sí i, kí ẹ sì kọ òdo síwájú gbogbo ènìyàn níbẹ̀. Òǹkàwé tó bá fi ìka tọ àtẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò rí i fúnra rẹ̀ ibi tí ife ti wá, kò ní nílò kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kankan máa sọ ọ́ fún un. Ní ti àwọn aláṣẹ eré náà, tí wọ́n mọ bí ojú ọjọ́ ṣe ń rí ní oṣù Kẹta ṣùgbọ́n tí wọ́n ń fi ẹ̀bi sílẹ̀ fún eléré láti rù, kí wọ́n máa fi ọjọ́ méjì kún ọ̀sẹ̀ àṣekágbá.

Bí ẹ bá lè fi àtẹ ti ọdún 2011 bẹ̀rẹ̀, n ó gé e jáde, n ó sì fi í ránṣẹ́ sí àwọn tó ṣe ètò tí mo gbọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Ìbàdàn.