Má fi ilẹ̀ sílẹ̀ ní ìhòòhò

Àjàní ọkọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì dúpẹ́ pé ìkórè lọ dáadáa. Àmọ́ ibi tí o ti ní o fẹ́ ro oko náà mọ́ tónítóní, kí o fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ di àkókò ọ̀gbìn mìíràn, n kò fara mọ́ ọn. Bí òjò bá ń rọ̀ lu ilẹ̀ tí kò ní ìbora, á tú u ká. Ọ̀gbàrá á gbé èyí tó lọ́ràá lọ, èyí tó kù á sì le gbagidi.

Gbin ohun tí yóò bò ó. Po irúgbìn ìdílé ẹ̀wà mọ́ ti koríko: gbòǹgbò koríko ló ń di ilẹ̀ mú, ti ẹ̀wà ló ń bọ́ ọ. Bí ẹ̀wà bá fẹ́ máa tanná, fi ọkọ́ hú ìdí kan ní pẹ̀lẹ́. Má fà á tu, kí àwọn kókó kéékèèké ara gbòǹgbò rẹ̀ má baà já sínú ilẹ̀. Wàá rí àwọn kókó náà wẹ́wẹ́. Fi èékánná la ọ̀kan. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n díẹ̀, àwọn bakitéríà ibẹ̀, ẹ̀dá tíntìntín tí ojú kò lè rí, ń ṣiṣẹ́ nìyẹn, wọ́n ń mú náítírójìn inú afẹ́fẹ́, tí í ṣe oúnjẹ ewéko, wá fún ẹ̀wà náà.

Kì í ṣe ilẹ̀ nìkan ni yóò jẹ níbẹ̀. Oyin á wá bá òdòdó, aláǹtakùn á máa ṣọdẹ kòkòrò lábẹ́ ewé, ẹyẹ tó ń yé sílẹ̀ á rí ibi sàba. Eku náà á wá o, n kò ní tàn ọ́. Òwìwí á sì wá nítorí eku.

Gígé ohun ìbora yìí ló ká mi lára jù. Ìwọ á fẹ́ gé e kí èso tó gbó, kó má baà di èpò. Àmọ́ oyin ń fẹ́ òdòdó. Gé èyí tó pọ̀ lákòókò, kí o dá ẹ̀bá oko sí kó tanná tán. Níbi tí òjò ti ń wọ́n, tètè gé e, torí òun náà ń mu omi. Bí ẹyẹ bá ń fò dìde lójú kan náà nígbàkigbà tí o bá kọjá, ó ṣeé ṣe kí ẹyin wà níbẹ̀. Ri igi síbẹ̀, kí o máa yí i ká títí àwọn ọmọ yóò fi lọ. Bó bá jẹ́ katakata lo fẹ́ lò, àárín oko ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o máa gé bọ̀ síta. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀bá, ńṣe ló ń há ẹranko mọ́ àárín.

Ohun tí o bá gé, má sun ún, má kó o. Ekòló á fà á wọlẹ̀. Má sì fọ́n oògùn apakòkòrò sí i nígbà tó bá ń tanná.

Kọ orúkọ irúgbìn tí o bá yàn ránṣẹ́ sí mi kí o tó rà á. Àwọn kan wà tí wọn kì í tètè kú, wọ́n á tún hù láàárín ọ̀gbìn rẹ.

Èmi ìyá rẹ ni.