Àbẹ̀kẹ́, Gba Àsansílẹ̀ Kí O Tó Gbé Máíìkì

Ọjà Òkè-Ajé,
Ìjẹ̀bú-Òde.

Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Gbogbo wa ń bẹ, a dúpẹ́. Mo rí ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́, pé pirodúsà tí ẹ bá ṣiṣẹ́ ní Ṣágámù ní kí o ṣe sùúrù, bí fíìmù bá ti tà, owó rẹ á wọlé. Ẹ̀rín pa mí. Bí wọ́n ṣe máa ń wí fún èmi náà nìyẹn bí wọ́n bá wá yá aṣọ eré lọ́wọ́ mi.

O mọ̀ pé n kò bá ọ jà nígbà tí o ní iṣẹ́ gbígba ohùn lo fẹ́ ṣe. Bàbá yín ni wọ́n ń bi mí pé ta ni yóò rí ọ nínú fíìmù náà. Ṣé ẹni tó bá gbé nítòsí Òsósà ló yẹ kó béèrè ìyẹn? Ìlú Bàbá Ògúndé ni. 1945 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ òṣèré wọn sílẹ̀, wọn ò sì fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí wọ́n fi kú ní 1990. Gbogbo ayé mọ̀ wọ́n. Àwọn tó ń kan pátákó ìtàgé, tó ń di ẹrù sọ́kọ̀, tó ń tan iná, ẹni mélòó nínú wọn la lè dárúkọ? Bẹ́ẹ̀, láìsí wọn, kò séré.

Nítorí pé wọn ò rí ọ gan-an ni ìwé àdéhùn fi gbọ́dọ̀ ṣáájú. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín tó jẹ́ lọ́yà ló là á yé mi: nínú òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọnà ti 2022, ẹni tó ṣètò bí fíìmù ṣe di ṣíṣe ni òfin kà sí ẹni tó ni ín, àfi bí ẹ bá jọ fọwọ́ sí ìwé tó sọ nǹkan míì. Bí wọ́n bá tà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, o ò ní kọ́bọ̀ níbẹ̀ ju ohun tó wà nínú ìwé rẹ lọ. Kò dìgbà tí ìwé bá gùn. Kó sọ iye ọjọ́, ìgbà tí ẹ ó ṣíwọ́ lójúmọ́, ibi tí o ó sùn (ọmọbìnrin ni ọ́, má fi ìyẹn ṣeré), ẹni tí yóò san án bí máíìkì bá bà jẹ́, àti bí wọn yóò ṣe kọ orúkọ rẹ nígbà tí fíìmù bá parí. Gba ìdajì owó kí o tó jáde nílé.

Àwọn kan yá aṣọ òkè sányán lọ́wọ́ mi, wọ́n dá a padà pẹ̀lú àbàwọ́n pupa láyà. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ fíìmù ni, pé ó ń lọ bí a bá fọ̀ ọ́. Kò lọ. Ìdógò tí mo ti gbà ni mo fi hun òmíràn.

O ní máíìkì kékeré tí ẹ ń lẹ̀ mọ́ àyà òṣèré ń gbé ariwo aṣọ. Báwo ni kò ṣe ní gbé e! Gíníì tuntun tó ṣì gan, bí èèyàn bá mí, ó ń dún ṣàràṣàrà. Àǹkárá tí wọn ò tíì fọ̀ rí náà ń dún. Bá ẹni tó ń bójú tó aṣọ sọ̀rọ̀ kí ọjọ́ iṣẹ́ tó pé. Fi ìka méjì rún aṣọ náà létí ara rẹ. Bí o bá ti gbọ́ ọ, máíìkì yóò gbọ́ ọ. Ti agbádá tún le. Bí òṣèré bá ń ká apá agbádá sí èjìká, gbogbo ohun tó ń sọ lọ́wọ́ ti bá a lọ. Rọ dáírẹ́tọ̀ kó jẹ́ kó ká a tán kó tó lanu.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù lọ́jọ́ tí mo wá wò yín ni bí o ṣe ní kí gbogbo èèyàn dúró jẹ́ẹ́ nígbà tí eré ti parí, o ń gba ìdákẹ́jẹ́ yàrá. Mo rò pé orí rẹ ti dàrú ni. O wá ṣàlàyé pé kò sí yàrá méjì tó dákẹ́ bákan náà, pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni ẹni tó ń gé fíìmù fi ń dí àlàfo. Àwọn tó ń kó iná ń pòṣé sí ọ. Jẹ́ kí wọ́n máa pòṣé. Gbà á tán.

Dín ohùn ẹ̀rọ tí o ń dì mọ́ etí kù, kí o sì ní kí wọ́n gbé jẹnẹrétọ̀ jìnnà. Má gba iṣẹ́ kankan ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ kẹta Iléyá o! Ìlù àti ìbọn Òjúde Ọba kò ní jẹ́ kí o gbọ́ ẹnì kankan.

Ní ti owó, mo ń bá ọ dá àjọ. Ṣùgbọ́n láti 2019 ni ìjọba ti la ọ̀nà owó ìfẹ̀yìntì fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ ara rẹ̀. Lọ forúkọ sílẹ̀, díẹ̀díẹ̀ ni kí o máa fi sí i.

Gàárì àti ẹja gbígbẹ wà lọ́wọ́ awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́la. Pè é kó tó dé Bẹ́gà, kì í dúró de èèyàn.

Èmi ni ìyá rẹ.