Ẹ̀sùn Lórí Àyẹ̀wò Píkọ́ọ̀pù Tí Ẹ Ṣe fún Mi, àti Bí Ẹ Ṣe Ń Tì Mí Síhìn-ín Sọ́hùn-ún

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Àyẹ̀wò Ọkọ̀,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú àmójútó. N kò ní tún gbogbo ọ̀rọ̀ sọ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé orúkọ mi, nọ́ńbà ṣáásí ọkọ̀ náà, rìsíìtì owó tí mo san àti ìwé àbájáde àyẹ̀wò tí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp ló wà lọ́wọ́ yín. Síbẹ̀, gbogbo ẹni tí mo bá ti bá sọ̀rọ̀ ní ọ́fíìsì yín ló ń ní kí n bẹ̀rẹ̀ àlàyé láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹni pé wọn kò gbúròó mi rí. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ̀wé sí ẹ̀yin fúnra yín, kí ó má baà sí ẹni tí yóò tún sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò tíì dé etí òun.

Mo fẹ́ ra Toyota Tacoma tókùnbọ̀ ti ọdún 2007 kan ní Bẹ́gà, láti máa fi fa jẹnẹrétọ̀ orí táyà tí mo ń fi háyà fún àwọn tó ń ṣe òde. Jẹnẹrétọ̀ náà tó nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 2. Mo kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù yín pé iṣẹ́ ìfà ni mo fẹ́ fi ọkọ̀ náà ṣe, mo sì fi ẹnu ara mi sọ fún ọmọbìnrin tó gba owó lọ́wọ́ mi pé kí ẹni tí ẹ bá máa rán wọ abẹ́ ọkọ̀, kí ó fi tọ́ọ̀ṣì wo ṣáásí, ìyẹn egungun irin tó gbé ọkọ̀ ró, láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá jù lọ ibi tí wọ́n ń de irin ìfàkọ̀ mọ́. Ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ohun tí àwọn fi ń jẹun nìyẹn. Nígbà tí àbájáde dé, ẹ ya àwòrán ìjókòó, ẹ ya táyà, ẹ ya ẹ́ńjìnnì, ẹ ya dáṣíbọ́ọ̀dù, ẹ kò ya àwòrán abẹ́ ọkọ̀ kankan, ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀ pé "ó dára". Ọ̀rọ̀ yín ni mo gbẹ́kẹ̀ lé tí mo fi san owó ọkọ̀.

Jórinjórin tí mo gbé e lọ bá ní Ìkòròdú kò tíì tan iná rẹ̀ tó fi pè mí. Ọ̀dà dúdú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn sí abẹ́ ọkọ̀ náà ti wú ní àwọn ibì kan. Ó mú òòlù, ó rọra kan ṣáásí ní apá òsì, lókè táyà ẹ̀yìn, òòlù sì wọlé. Ìpẹ́pẹ́ irin tó ti dógùn-ún dà sílẹ̀. Èmi náà ti ìka bọ ihò náà, mo sì fi ọwọ́ lásán fọ́ etí irin náà bí ẹni ń fọ́ kúlíkúlí. Ibi tí jẹnẹrétọ̀ mi ìbá gbára lé gan-an nìyẹn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi àyẹ̀wò tókùnbọ̀ Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́ ṣe kò ní sọ pé ẹ kò gbọ́ nípa àrùn yìí rí. Ní apá àríwá ilẹ̀ Amẹ́ríkà, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì nígbà òtútù kí yìnyín lè yọ́, omi iyọ̀ yẹn ló sì ń jẹ ṣáásí ọkọ̀. Ní ọdún 2016, ilé-iṣẹ́ Toyota gbà nínú ẹjọ́ kan níbẹ̀ pé àwọn yóò máa yẹ ṣáásí Tacoma ti ọdún 2005 sí 2010 wò, pẹ̀lú Tundra ti 2007 àti 2008 àti Sequoia ti 2005 sí 2008, kí àwọn sì pààrọ̀ èyí tó bá ti jẹrà. Àárín ọdún wọ̀nyẹn gan-an ni ọkọ̀ mi bọ́ sí. Ohun tí a bá ń fà pẹ̀lú sì máa ń fi nǹkan bí ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo rẹ̀ tẹ ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fà á. Bíi kílò 200 sí 300 ni jẹnẹrétọ̀ mi ìbá máa gbé lé irin jíjẹrà yẹn, kí a tó sọ ti kòtò ojú ọ̀nà Ìkòròdú. Bí ó bá já nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ, ta ni yóò dáhùn fún ẹ̀mí ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn?

Ẹ tún kọ ọ́ pé ọkọ̀ náà tó fa ẹrù mi, bẹ́ẹ̀ kò ní ẹ̀rọ tó ń mú ọ́ìlì gíà tutù, èyí tó máa ń wà lára àwọn tí wọ́n ṣe fún ìfà. Tacoma ẹlẹ́ńjìnnì V6 tó ní irinṣẹ́ ìfà láti ilé-iṣẹ́ lè fa pọ́n-ùn 6,500, ìyẹn bíi kílò 2,950. Èyí tí kò ní i kò gbọdọ̀ kọjá pọ́n-ùn 3,500, tí kò tó kílò 1,600, bẹ́ẹ̀ jẹnẹrétọ̀ mi ju ìyẹn lọ. Ẹni yín ìbá rí i bí ó bá tẹ̀ ba wò.

Bí ẹ bá ti gbà ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo pè yín pé ẹni yín kò wọ abẹ́ ọkọ̀, ọ̀rọ̀ wa ìbá ti tán ní ìtùnbí-ìnùbí. Ẹni tó kọ́kọ́ gbé fóònù sọ pé ẹ̀ka mìíràn ló ni ẹ̀sùn mi, ó sì fún mi ní nọ́ńbà tí kò wọlé. Èkejì ní kí n fi fídíò ránṣẹ́. Mo fi ránṣẹ́, ó ní kò ṣí. Mo tún un fi ránṣẹ́, ẹlòmíràn wá sọ pé àwọn kì í gba fídíò àfi èyí tí òṣìṣẹ́ àwọn bá yà. Wọ́n wá fi àtẹ̀jíṣẹ́ ṣèlérí pé ẹnìkan yóò wá yẹ ọkọ̀ náà wò ní aago 10 òwúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Jórinjórin dá iṣẹ́ oníṣẹ́ dúró nítorí yín, a sì jókòó tí ilẹ̀ fi ṣú, a kò rí ẹnikẹ́ni. Nígbà tí mo pè, wọ́n ní kò sí irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà àwọn. Àtẹ̀jíṣẹ́ náà wà lórí fóònù mi, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́.

Èyí tó dùn mí jù lọ ni ti ọ̀dọ́mọkùnrin tó gbé fóònù ní ọjọ́ Ẹtì. Mo kí i, mo pè é ní ọmọ mi, mo sì bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jọ̀ọ́ fi mí mọ ọ̀gá rẹ̀. Ohun tó sọ fún mi ni pé, "Bàbá, ṣé àwa la ní kí ẹ rà á ni? Bí ojú yín ò bá ríran mọ́, ẹ ò bá ti mú ọmọ yín dání." Mo gbọ́ bí òun àti ẹni tó wà nítòsí rẹ̀ ṣe ń rẹ́rìn-ín kí ó tó pa fóònù. Ọmọ ọdún 63 ni mí. Kò sí ilé tí a ti tọ́ mi tàbí tí mo ti tọ́ ọmọ tí a ti ń bá àgbàlagbà sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tí a gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ pàápàá. Kí ẹnikẹ́ni tó dá wa lóhùn lórí ìlà yín ni ẹ ti máa ń sọ pé ẹ ń gba ohùn wa sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó, kí ẹ gbọ́ ọ pẹ̀lú etí ara yín.

Ní báyìí, ìwé yín ni oníṣòwò ọkọ̀ náà fi ń gbèjà ara rẹ̀. Bí mo bá ní kí ó gba ọkọ̀ rẹ̀, ó máa ń na ìwé náà sí mi pé ilé-iṣẹ́ tí èmi fúnra mi yàn ló sọ pé abẹ́ rẹ̀ dára. Nítorí náà, láàárín ọjọ́ 14 tí lẹ́tà yìí bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, mo fẹ́ kí ẹ dá gbogbo owó àyẹ̀wò padà fún mi, kí ẹ fi ìwé tí ẹ fọwọ́ sí fagi lé àbájáde náà kí n lè mú un lọ bá ẹni tó tà á, kí ẹ san owó tí jórinjórin bá dá lé àtúnṣe ṣáásí, kí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi níwájú yín.

Bí ọjọ́ náà bá kọjá láìgbọ́ ohùn yín, n kò ní pe fóònù yín mọ́. Òfin ìdáàbòbò oníbàárà ti ọdún 2018 fún mi lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹ tún iṣẹ́ tí ẹ kò ṣe dáadáa ṣe tàbí kí ẹ dá owó padà, èmi yóò sì gbé ẹ̀dà lẹ́tà yìí, àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ yín àti fídíò náà lọ sí FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń dáàbò bo oníbàárà, àti LASCOPA, ti ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó. Owó tí mo ń bèèrè kò tó mílíọ̀nù 5 náírà, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ owó kékeré ní Èkó sì lágbára láti gbà á fún mi.

Ọkọ̀ náà ṣì wà ní ọgbà jórinjórin. Ẹ lè rán ènìyàn wá ní ọjọ́ iṣẹ́ èyíkéyìí láàárín aago 9 àárọ̀ sí aago 4 ìrọ̀lẹ́. Kí ó mú tọ́ọ̀ṣì àti òòlù dání, kí ó sì wọ aṣọ tó lè fi dùbúlẹ̀ sílẹ̀.

Èmi ni,
Oníbàárà yín ní Ìkòròdú.