Màmá, ẹ jẹ́ kí n ròyìn òkè náà fún yín

Màmá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ojú lọ́nà. Mo gbọ́ pé fọ́tò wa lórí òkè tí Kúnlé fi ránṣẹ́ bà yín lẹ́rù, ẹ ní ta ló rán wa níṣẹ́. Kò sẹ́ni tó rán wa o. Láti ojú fèrèsé ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣiṣẹ́ òru ni mo ti ń wo òkè yìí. Bílẹ̀ bá ṣe ń mọ́, òun ni mo kọ́kọ́ ń rí. Ó wá ń ṣe mí bíi kí èmi náà lọ dúró lórí rẹ̀.

Longs Peak ni wọ́n ń pè é, ní ìpínlẹ̀ Colorado níbí, gíga rẹ̀ sì jẹ́ mítà 4,346. Agogo méjì òru la gbéra, èmi, Kúnlé àti tọkọtaya ọmọ Mẹ́síkò kan, a de iná tọ́ọ̀ṣì mọ́rí. Ìdí tá a fi tètè gbéra ni pé lákòókò ooru, ààrá máa ń sán níbẹ̀ lọ́sàn-án, ẹni tó bá sì wà lórí àpáta kò ríbi sá sí.

Igi tán, ó ku koríko. Koríko tán, ó ku òkúta ràbàtà-ràbàtà. Níbi ihò ńlá tí wọ́n ń pè ní Keyhole, orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ìyàwó ọmọ Mẹ́síkò, èébì sì ń gbé e. Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ fúyẹ́ ju ti ìsàlẹ̀ lọ, kò sì sóògùn tó dà bíi kéèyàn sọ̀kalẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ò jiyàn, ó bá a padà. Ilé òkúta kékeré kan wà níbẹ̀ tí wọ́n kọ́ ní ìrántí Agnes Vaille, obìnrin tí òtútù pa lórí òkè yìí ní oṣù kìíní ọdún 1925. Mi ò sọ ìyẹn fún Kúnlé títí a fi délẹ̀.

Láti ibẹ̀, àmì pupa àti yẹ́lò tí wọ́n kùn sára àpáta là ń tẹ̀ lé, ó jọ ẹyin díndín. Ibì kan wà tí ọ̀nà fún tóóró, ògiri lápá kan, ọ̀gbun lápá kejì. Kúnlé tẹ́nu rẹ̀ kì í dákẹ́ ń ka Sáàmù 121 wúyẹ́wúyẹ́: èmi ó gbé ojú mi sí orí òkè. Mo ní kó gbójú sẹ́sẹ̀ ná.

Tọwọ́tẹsẹ̀ la fi rá gun ibi tó kẹ́yìn. Àṣé orí rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ, wọ́n lè gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀! A jẹ kúlíkúlí tí ẹ fi ránṣẹ́. Mo wá ilé ìwòsàn wa títí nísàlẹ̀, mi ò rí i. Ìkùukùu ti ń ṣú, a yáa sọ̀kalẹ̀. Orúnkún mi ṣì ń dùn mí.

Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru yín ń bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tó ń bọ̀ wálé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fò ó. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé. A ó tún lọ lọ́dún tó ń bọ̀, àmọ́ Kúnlé ní kí n má tíì sọ fún yín.

Ọmọ yín,
Táyọ̀